Ohun Tí Ajá àti Ológbò Wa Ṣe Nígbà Tí Ilé Wa Gbóná

Ajá wa ti mọ̀ pé nǹkan ń ṣe ọkọ mi kí èmi tí mo jẹ́ aya rẹ̀ tó mọ̀. Ní àsìkò tí mò ń sọ yìí, ilé iṣẹ́ tí Bàbá Túndé ti ń ṣiṣẹ́ ní Ọ̀tà ti dá òun àti ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dúró, ṣùgbọ́n kò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ilé. Láràárọ̀ ni ó ń wẹ̀, tí ó ń wọ aṣọ iṣẹ́, tí ó ń gbé báàgì kọ́ èjìká, tí ó sì ń jáde kúrò ní ilé wa ní Ìbarà bí ẹni tí yóò lọ wọ ọkọ̀ ní Kútọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Èmi kò fura. Ajá wa tí à ń pè ní Tanímọ̀la, èkúkẹ́ pọ́ńbélé tí àbúrò mi mú wá fún wa láti Ìmẹ̀kọ, ni kò gbà pé ohun gbogbo wà bí ó ti yẹ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé e dé ẹnu géètì, èyí tí kì í ṣe tẹ́lẹ̀. Bí ọkọ mi bá sì padà dé nírọ̀lẹ́, kàkà kí ajá yìí fò mọ́ ọn bí ó ti máa ń ṣe, ńṣe ni yóò rọra gbóòórùn ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, yóò lá wọn, yóò sì jókòó ti ẹsẹ̀ rẹ̀ láìgbó rárá. Oúnjẹ àárọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́kù nínú abọ́ títí èèrà yóò fi bò ó.

N kò sọ pé ajá mọ ohun tí à ń pè ní owó oṣù. Ohun tí mo gbà ni pé ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ máa ń yàtọ̀ ní òórùn, ní ìrìn, ní ohùn àti ní bí ó ṣe ń mí, ajá kì í sì í fojú fo irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ bí àwa ènìyàn ṣe ń fò ó. Àwọn olùwádìí ní Queen's University ní ìlú Belfast ti yẹ apá kan ọ̀rọ̀ náà wò, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2022. Wọ́n ní kí àwọn ènìyàn ṣe ìṣirò tó nira lórí ahọ́n láìkọ ọ́ sínú ìwé, wọ́n gba èémí àti òógùn wọn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì tún gbà á lẹ́yìn tí wọ́n parí. Ajá mẹ́rin ni wọ́n fi òórùn náà hàn, èyí tí wọ́n gbà lára àwọn ènìyàn 36, àwọn ajá wọ̀nyí sì dá òórùn ẹni tí ìṣirò ti kó ìdààmú bá mọ̀ yàtọ̀ ní ohun tó lé ní ìgbà 93 nínú 100. Àwọn ajá náà kò sì mọ àwọn ènìyàn yẹn rí. Bí ajá bá lè ṣe èyí fún àlejò, kò yẹ kí ó yà mí lẹ́nu pé Tanímọ̀la gbóòórùn ìdààmú lára ẹni tí ó ń bù oúnjẹ fún un láti ìgbà tí ó ti wà lọ́mọ ajá.

Nígbà tí àṣírí tú, ilé wa gbóná. Owó ilé-ìwé Túndé àti Bísọ́lá ń bọ̀, gbèsè ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wà lọ́rùn wa, ìyá ọkọ mi sì ti kó ẹrù wá láti agbo ilé wọn ní Aké kí ó lè bá wa fojú tó ọ̀rọ̀ náà, gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ti wí. Àwọn àgbà ní ilé tó tòrò, ọmọ àlè ibẹ̀ ni kò tíì dàgbà. Tiwa kò nílò ọmọ àlè kankan kí ó tó dàrú. Ìjíròrò tí ó yẹ kí á fi ohùn pẹ̀lẹ́ ṣe di ariwo ní pálọ̀ ní ọ̀pọ̀ alẹ́, nígbà tí a rò pé àwọn ọmọ ti sùn.

Ní ọ̀kan nínú àwọn alẹ́ wọ̀nyẹn, mo fara balẹ̀ wo Tanímọ̀la, nítorí pé mo ti sọ tèmi tán, ó ku kí ọkọ mi sọ tirẹ̀. Ajá náà wà lábẹ́ tábìlì oúnjẹ. Bí ohùn Bàbá Túndé ṣe ròkè, ó yán, ó tún yán, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe pé oorun ń kùn ún. Ó lá ètè rẹ̀ léraléra láìsí oúnjẹ ní tòsí. Ó yíjú sí ògiri, ṣùgbọ́n ó ń fi igun ojú wò wá tó bẹ́ẹ̀ tí funfun ẹyinjú rẹ̀ fi hàn gbangba. Etí rẹ̀ lẹ̀ mọ́ orí, ìrù rẹ̀ wọ abẹ́ itan, ó sì ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tó sáré dé, bẹ́ẹ̀ fáànù ń fẹ́ sí i lára. Nígbà tí mo fi ọwọ́ gbá tábìlì, ó dìde, ó wá dúró sáàárín àwa méjèèjì, ó fi ẹ̀gbẹ́ ara ti orúnkún mi, ó ń wo ọkọ mi fìrí, ó sì ń gbé ojú kúrò. Ọkọ mi bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyá Túndé, o ò rí i pé ajá ti wá làjà." Ẹ̀rín yẹn parí ìjà alẹ́ ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n ara ajá kò balẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́; mo ń gbọ́ èékánná rẹ̀ lórí táìlì bí ó ṣe ń lọ tí ó ń bọ̀.

Dókítà ẹran tí a lọ bá lẹ́yìn náà sọ fún mi pé gbogbo ohun tí mo rí yẹn, láti orí yíyán dé orí yíyíjú sí ògiri, ni ajá fi ń sọ pé ọ̀rọ̀ ti ju agbára òun lọ, àti pé ó máa ń pẹ́ kí ó tó kan kíkùn hùnhùn àti gbígbó. Ní àdúgbò wa, ìgbà tí ajá bá gbó ni a máa ń mọ̀ pé ó ń sọ̀rọ̀. Ajá tó dákẹ́, tó ká jọ sí igun ilé, tí kò jẹun, a ó ní ó gbọ́n, a ó ní ó ti gbọ́ ẹ̀kọ́. Mo ti dẹ́kun àti máa gba irú ìyìn bẹ́ẹ̀ fún ajá mi.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀bi tí a máa ń dì ru ajá jẹ́ ọ̀kan tí èmi àti Màámi, ìyá ọkọ mi, kò tíì fẹnu kò lé lórí di òní. Ní ọjọ́ kan tí gbogbo wa jáde, Tanímọ̀la fa tìmùtìmù àga pálọ̀ ya, fóòmù sì fọ́n ká gbogbo ilẹ̀. Bí Màámi ṣe ṣílẹ̀kùn tí ó kígbe, ajá náà dọ̀bálẹ̀ pátápátá, ó fi ìrù sábẹ́, ó sì ń yọ́jú wò ó láti ìsàlẹ̀. Màámi ní, "Ẹ wò ó, ó mọ̀ pé òun ṣẹ̀. Ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni." Mo ní, "Màámi, ohùn yín ló ń bẹ̀rù." Obìnrin onímọ̀ kan, Alexandra Horowitz, ní New York, ti dán ọ̀rọ̀ yìí wò ní ọdún 2009: ojú ẹlẹ́bi tí a ń rí lára ajá kò so mọ́ bóyá ajá náà ṣe ohun tí a kà léèwọ̀ tàbí kò ṣe é, ohun tí ó so mọ́ ni pé olówó rẹ̀ bá a wí. Kódà ajá tí kò fọwọ́ kan oúnjẹ rárá máa ń ṣe ojú ẹlẹ́bi bí olówó rẹ̀ bá ti gbà pé ó jẹ ẹ́, tí ó sì jágbe mọ́ ọn. Mo ṣàlàyé èyí fún Màámi. Ó ní àwọn òyìnbó kò mọ Tanímọ̀la. N kò jiyàn, nítorí pé àgbà ni, àti pé èmi náà ti rí i pé ọjọ́ tí a bá jà lóru ni ó máa ń fa nǹkan ya lọ́jọ́ kejì. Ajá tí ara rẹ̀ kò balẹ̀, tí a sì tún fi òun nìkan sílẹ̀ nílé, ẹnu ni ó máa fi wá nǹkan ṣe.

Ti ológbò yàtọ̀ pátápátá, òun ni ó sì fẹ́ kó wa sí wàhálà jù. Púsì kì í ṣe ẹni tí ń wá làjà. Láti ọjọ́ tí ariwo ti bẹ̀rẹ̀ ni ó ti gba orí kọ́bọ́ọ̀dù yàrá wa lọ, tí kì í sì í sọ̀kalẹ̀ títí gbogbo ilé yóò fi sùn. Ó ń lá ara rẹ̀ ní ojú kan ṣoṣo ní ikùn títí irun ibẹ̀ fi re tí awọ ara hàn. Ohun tí ó wá gbé ọ̀rọ̀ náà dé ibi tó le ni pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ síbi tí kì í tọ̀ sí: sórí ẹní, sínú bàtà Bàbá Túndé, àti ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, sórí adìrẹ tuntun tí Màámi ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ní Ìtòkú. Màámi mú ìgbálẹ̀. Ó ní òun ti sọ tẹ́lẹ̀ pé ológbò kì í ṣe ohun tí à ń sìn nínú ilé tí ọmọ wà, pé ẹran náà ní ìkùnsínú sí òun, àti pé ìtọ̀ yẹn kì í ṣe ìtọ̀ lásán. Púsì fò gba ojú fèrèsé jáde, a kò sì rí i títí ilẹ̀ ọjọ́ náà fi ṣú.

Bísọ́lá ni ó rí ẹ̀jẹ̀. Ó pè mí sí ẹ̀yìnkùlé, ó ní, "Mọ́mì, ẹ wá wo Púsì, ó ń gbìyànjú láti tọ̀, kò sì rí i tọ̀." Ológbò náà lóṣòó sórí iyanrìn, ó ń tiraka, ó ń ké ní ohùn tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí, ẹ̀kán díẹ̀ péré ni ó sì jáde, ó pọ́n. Inú apẹ̀rẹ̀ ìfọṣọ ni a gbé e sí, a fi ìborùn bò ó, a wọ kẹ̀kẹ́, ó di ilé ìwòsàn ẹranko ti FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Abẹ́òkúta níbí. Màámi tẹ̀ lé wa. Mo rò pé ó fẹ́ gbọ́ kí dókítà dá òun láre.

Dókítà náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kò sọ̀rọ̀ púpọ̀, tẹ ikùn Púsì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó gba ìtọ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò, lẹ́yìn náà ni ó wá bi mí ní ìbéèrè tí n kò retí. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé nǹkan kan ti yí padà nínú ilé yín láìpẹ́ yìí? Àlejò tuntun, ìkólọkóbọ̀, tàbí èdèkòyedè?" Mo wo Màámi, Màámi wo òrùlé. Ó ṣàlàyé fún wa pé nínú ọ̀pọ̀ ológbò tí ìtọ̀ wọn máa ń ní ẹ̀jẹ̀ báyìí, a kì í rí kòkòrò àrùn kankan nínú ìtọ̀ náà. Àpò ìtọ̀ wọn ni ó ń wú tí ó sì ń dùn wọ́n, másùnmáwo sì wà lára ohun tí ó máa ń dá a sílẹ̀. Ológbò a máa tọ̀ síta nítorí pé ibi tí ó ti ń tọ̀ tẹ́lẹ̀ ti di ibi ìrora lójú rẹ̀, tàbí nítorí pé ẹ̀rù ń bà á láti gba àárín àwọn ènìyàn kọjá kí ó tó dé ibẹ̀. Kò sí ẹ̀san níbẹ̀. Ó tún sọ ohun kan tí ó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń sin akọ ológbò mọ̀: ojú ọ̀nà ìtọ̀ akọ tẹ́ẹ́rẹ́, ó lè dí, bí ó bá sì dí tí ológbò kò tọ̀ rárá, ọ̀rọ̀ pàjáwìrì ni, kì í ṣe ohun tí a ó sùn mọ́jú kí á tó wá ìtọ́jú fún, nítorí ó lè pa ẹran náà láàárín ọjọ́ díẹ̀. Bákan náà ni ológbò tó kọ oúnjẹ fún ọjọ́ mélòó kan, pàápàá èyí tó sanra, lè bẹ̀rẹ̀ àìsàn ẹ̀dọ̀. Ti Púsì kò tíì dí. Wọ́n fún un ní oògùn ìrora, wọ́n sì fún àwa ní iṣẹ́ ṣe.

Nígbà tí mo délé ni mo wá kà nípa iṣẹ́ tí àwọn onímọ̀ ṣe ní Ohio State University ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ń ṣe àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ nípa àwọn ológbò tó ní àrùn àpò ìtọ̀ yìí àti àwọn tí ara wọn le. Nígbà tí àyípadà òjijì bá dé bá àwọn ológbò náà, bí i kí ẹlòmíràn máa bọ́ wọn tàbí kí àkókò oúnjẹ wọn yẹ̀, àti èyí tó ń ṣàìsàn àti èyí tí ara rẹ̀ le ni ó ń bì, tí ó ń kọ oúnjẹ, tí ó sì ń yàgbẹ́ tàbí tọ̀ síta. Ọ̀rọ̀ àkókò oúnjẹ yẹn dùn mọ́ mi nínú, nítorí pé nínú gbogbo ìjà wa, n kò tíì ronú pé ohun tí ó ń dun Púsì lè má jẹ́ ariwo nìkan. Nígbà tí Bàbá Túndé ń lọ síṣẹ́, aago mẹ́fà ìdájí ni oúnjẹ ológbò ń dé ilẹ̀. Lẹ́yìn tí ó dẹ́kun lílọ, ìgbà tí ẹnikẹ́ni bá rántí ni.

Ní àkókò ìsinmi gígùn, a ní kí àwọn ọmọ lọ lo ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Ṣágámù kí ilé lè fúyẹ́. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Tanímọ̀la tún gba ọ̀nà mìíràn yọ. Ó gbé ẹní tirẹ̀ sílẹ̀, ó lọ ń sùn sí abẹ́ fèrèsé yàrá àwọn ọmọ, bí ó bá sì di ààjìn, yóò gbé ẹnu sókè, yóò máa hu. Gbogbo Yorùbá ni ó mọ ohun tí wọ́n ń sọ nípa ajá tó ń hu lóru. Màámi ní ó ti rí ohun tí ojú wa kò rí, pé kí á tètè gbé ajá náà kúrò nílé kí ó tó fi ohùn rẹ̀ pe ikú. Aládùúgbò kan tilẹ̀ ti bá wa wá ẹni tí yóò rà á, mo sì mọ ohun tí ẹni náà fẹ́ fi ajá ṣe.

Èmi kò bá ìgbàgbọ́ àgbà jà. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé híhu ni ajá fi ń wá ẹni tí ó ti yà kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, àti pé ajá tí a fi sílẹ̀ tàbí tí apá kan ẹbí rẹ̀ dàwátì máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ méjì tí wọ́n ń bá a ṣeré ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ti pòórá lójú rẹ̀, láìsí àlàyé tí ajá lè gbọ́. Mo mú aṣọ àwọ̀sùn Túndé kan tí a kò tíì fọ̀, mo tẹ́ ẹ sí orí ẹní ajá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sì jẹ́ kí ó máa sùn sínú ilé. Híhu náà dínkù. Nígbà tí àwọn ọmọ dé, ó dáwọ́ dúró pátápátá. Màámi ní àdúrà tí òun gbà ló ṣiṣẹ́. Mo ṣe àmín, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tọkàntọkàn, nítorí pé àdúrà náà kò ṣe ajá ní ibi kankan.

Àwọn ènìyàn máa ń bi mí bóyá ajá lè káàánú ènìyàn. Mo ti sunkún lójú Tanímọ̀la, ní ilé ìdáná, lẹ́yìn tí gbogbo ilé ti sùn. Ó wá, kò sáré, ó gbé àgbọ̀n rẹ̀ lé mi lórí itan, ó sì mí kanlẹ̀. Àwọn olùwádìí méjì ní Goldsmiths ní Lọ́ńdọ̀nù ṣe àyẹ̀wò kan tí ó jáde ní ọdún 2012, tí wọ́n fi ajá 18 ṣe: ẹnì kan yóò ṣe bí ẹni tó ń sunkún, ìgbà mìíràn yóò máa kùn orin tàbí kí ó máa sọ̀rọ̀ lásán. Ẹni tó ń sunkún ni ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn ajá náà ń lọ bá, ì báà jẹ́ olówó wọn tàbí àlejò, wọ́n sì ń tọ̀ ọ́ lọ pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀. Síbẹ̀ àwọn olùwádìí náà kò sọ pé àwọn ti rí àánú nínú ọkàn ajá. Ó lè jẹ́ pé a ti fi ọwọ́ pa wọ́n lórí rí nígbà tí wọ́n tọ ẹni tó ń sunkún lọ. Èrò tèmi ni pé ohun yòówù kí ó jẹ́, kò sọ iye ìgbà tí mo lè fi ẹkún mi di ẹrù lé ajá lórí. Lẹ́yìn tí ó bá ti jókòó tì mí bẹ́ẹ̀ tán, òun náà ni kì í jẹun lówùúrọ̀.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ti àwọn ọmọdé. Ajá tí ẹ̀rù ń bà lè bu ẹni tí ó fẹ́ràn jẹ, pàápàá bí ọmọ bá lọ dì mọ́ ọn lọ́rùn níbi tí ó ká jọ sí. A kọ́ Túndé àti Bísọ́lá pé bí ajá bá ti yíjú sí ògiri tàbí tó bọ́ sábẹ́ nǹkan, kí wọ́n fi í sílẹ̀, kí wọ́n jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ wá. Ohun kejì sì ni pé kì í ṣe gbogbo ajá tí ìwà rẹ̀ yí padà lójijì ni ìjà ilé ń dà láàmú. Àrùn dìgbòlugi náà máa ń yí ìwà ajá padà: ajá pẹ̀lẹ́ a di oníjàgídíjàgan, ajá aláàyà a máa sá sínú òkùnkùn, itọ́ a máa dà lẹ́nu rẹ̀. Ìdí nìyí tí abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ kò fi gbọdọ̀ kọjá àkókò, àti pé bí ajá bá bu ènìyàn jẹ, kí á fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí á sì gba ilé ìwòsàn lọ lójú ẹsẹ̀, kí á má dúró wò ó bóyá yóò san. Àrùn náà kò ní ìwòsàn lẹ́yìn tí àmì rẹ̀ bá ti hàn lára ènìyàn.

Iṣẹ́ tí dókítà gbé fún wa kò náni ní owó púpọ̀, ṣùgbọ́n ó náni ní ìwà. A dá àkókò oúnjẹ àwọn ẹran padà sí bí ó ti wà tẹ́lẹ̀, a sì fà á lé Túndé lọ́wọ́. A wá páálí kan, a dá ojú sí i, a gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù fún Púsì láti máa sá sí, nítorí dókítà ní kí á má ṣe fà á sọ̀kalẹ̀ láé, ibi gíga ni ológbò ti ń rí ìfọ̀kànbalẹ̀. A fi abọ́ iyanrìn kan tí Púsì yóò máa tọ̀ sí kún èyí tó wà, ọ̀kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn, ìkejì nínú yàrá wa, kí ó má baà di dandan kí ó gba pálọ̀ kọjá. A ń po ẹja rẹ̀ pọ̀ mọ́ omi kí ó lè mu omi dáadáa. Fún Tanímọ̀la, ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í mú un rìn láràárọ̀ kí oòrùn tó mú, láti Ìbarà lọ sí ọ̀nà Òkè-Ìlẹ̀wó. Èrò mi ni pé ìrìn yẹn wúlò fún ẹni tó di okùn mú ju ẹni tí okùn wà lọ́rùn rẹ̀ lọ. Ọkùnrin tí ó ti ń fi ara pamọ́ kí àwọn ojúlùmọ̀ má baà bi í léèrè iṣẹ́ wá ní ìdí láti jáde, àwọn ènìyàn sì ń kí i, "Ẹ kú ìrìn o, Bàbá Túndé, ajá yín mà dàgbà," dípò kí wọ́n béèrè ohun tí kò fẹ́ dáhùn.

Ní ti ìjà, a kò dẹ́kun jíjà, ẹ má jẹ́ kí n tàn yín. Ohun tí a ṣe ni pé a gbé e kúrò ní pálọ̀. Bí ọ̀rọ̀ owó bá ti fẹ́ le, ọ̀kan nínú wa yóò ní kí á bọ́ síta, a ó sì lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ àtijọ́ tó ti kú sí iwájú ilé. Nítorí pé aládùúgbò lè gbọ́, ohùn wa kì í lè ròkè níbẹ̀. Àǹfààní ìtìjú nìyẹn.

Tanímọ̀la ni ó kọ́kọ́ yá. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, abọ́ rẹ̀ ti ń dá ṣáṣá. Púsì lo oṣù, irun ikùn rẹ̀ kò sì tètè hù. Ọ̀rọ̀ yìí mú mi rántí ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Linköping University ní Sweden, tí ó jáde ní ọdún 2019. Irun ni wọ́n gé lára ajá 58 àti lórí àwọn obìnrin tó ni wọ́n, wọ́n sì wọn èròjà cortisol inú rẹ̀. Èròjà yìí ni ara máa ń tú jáde nígbà másùnmáwo, bí irun sì ṣe ń hù ni ó ń ṣẹ́kù sínú rẹ̀, tí ẹni tó gé irun fi lè mọ bí oṣù tó kọjá ti rí. Èyí tí wọ́n rí lára ajá ń tẹ̀ lé èyí tí wọ́n rí lára olówó rẹ̀, ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn àti ní ìgbà òtútù. Wọ́n tún ṣàkíyèsí pé ìwà olówó ajá ní ipa lórí rẹ̀ ju ìwà ajá fúnra rẹ̀ lọ, èyí tí ó mú wọn rò pé ọ̀dọ̀ ènìyàn ni ó ti ń ṣàn lọ bá ẹran. Ọkọ mi ka èyí lórí fóònù mi, ó sì dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó ní, bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ajá náà ti san nínú gbèsè ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù.

Nígbà tí ó rí iṣẹ́ mìíràn ní Ṣágámù, tí yóò máa jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, a mọ̀ pé ayọ̀ wa lè di ìdààmú tuntun fún àwọn tí kò gbọ́ èdè wa, nítorí pé àyípadà tó dára náà àyípadà ni. A kò jẹ́ kí ó dé bá wọn lójijì. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, Bàbá Túndé ń wọ bàtà iṣẹ́, ó ń gbé báàgì, ó sì ń padà jókòó. Ó tún ń jáde fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ó ń wọlé láìṣe aáyan kankan lórí ajá, títí báàgì yẹn fi di nǹkan tí Tanímọ̀la kò bìkítà fún mọ́. Ó ń jẹun kí ọkọ mi tó jáde báyìí. Ọjọ́ Ajé nìkan ni ó ṣì máa ń dúró díẹ̀ sí géètì.

Màámi ti padà sí Aké, ṣùgbọ́n ó máa ń wá bá wa ṣọdún. Kí ó tó dé ni mo ti máa ń gbé abọ́ omi kékeré kan sí orí kọ́bọ́ọ̀dù lẹ́gbẹ̀ẹ́ páálí Púsì, nítorí mo mọ̀ pé ibẹ̀ ni yóò lo ọjọ́ méjì àkọ́kọ́. Ní ọdún tó kọjá, ó gbé ojú sókè, ó rí abọ́ náà, ó sì bi mí kí ni omi ń wá níbẹ̀. Mo ní, "Ti Púsì ni, Màámi." Ó kùn díẹ̀, ó gbé gèlè rẹ̀ kúrò nísàlẹ̀ ibẹ̀, ó sì ní kí n bu omi náà kún sí i, pé èyí tó wà nínú rẹ̀ kò tó mu.